Ayaba Ṣébà kò sí ní Òkè-Eri

Bí àlejò òkè òkun bá ti lo ọjọ́ mẹ́ta létí òkun lọ́nà Ìbẹ́jú-Lẹ́kí, iyanrìn á sú u. Á ní kí ló tún wà nítòsí téèyàn lè lọ wò kó sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì: "Ẹ gba Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìjẹ̀bú, ẹ lọ wo sàréè Ayaba Ṣébà."

Ohun tí wọ́n sọ fún àbúrò ìyá mi nìyẹn nígbà tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé. Ọmọ ìjọ gidi ni Àǹtí. Kí a tó kúrò nílé ló ti ki Bíbélì bọ àpò, ó ní ibi tí ayaba yẹn bá sùn sí lòún á ti ka ìtàn rẹ̀ sókè.

Obìnrin tí wọ́n ní ó sùn sí Òkè-Eri, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, kì í ṣe Ayaba Ṣébà. Bilikisu Sungbo lorúkọ rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń pa nípa rẹ̀ ni pé opó ni, ó lówó bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, kò bímọ, ló bá ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà ńlá kan yí ilẹ̀ ká kí orúkọ òun má bàa parẹ́. Yàrà yẹn la wá mọ̀ sí Eredo Sungbo. Ẹ jẹ́ ká mú ibi tó ní kò bímọ yẹn dání. Àwọn ará Etiópíà náà ń sọ pé àwọn ló ni Ayaba Ṣébà, Mákẹ́dà ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ní ó bí ọmọkùnrin kan fún Sólómọ́nì, Mẹ́nẹ́líkì, tí ìdílé ọba wọn ti ṣẹ̀ wá. Báwo ni ìyá Mẹ́nẹ́líkì ṣe wá di àgàn ní Ìjẹ̀bú?

Bíbélì tó wà lápò Àǹtí gan-an ò gbè wá lẹ́yìn. Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 10: ayaba dé Jerúsálẹ́mù, ó fi ìbéèrè líle dán Sólómọ́nì wò, ó kó wúrà àti tùràrí fún un, nígbà tó di ẹsẹ 13, ó padà sí ilẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ wo? Ilẹ̀ Sábà tó wà ní Yẹ́mẹ̀nì lónìí ni ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ń tọ́ka sí. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún kí wọ́n tó bí Jésù ni Sólómọ́nì jọba. Ní ti Eredo, àwọn tó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò fi í sí àárín ọdún 800 sí 1000 lẹ́yìn Jésù. Àwọn tó gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀ lẹ́nu àìpẹ́ yìí fà á wá sí ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá. Ẹ mú èyí tó bá wù yín. Èyí tó súnmọ́ Sólómọ́nì jù fi nǹkan bí 1,700 ọdún jìnnà sí i.

Orúkọ yẹn ló ń tan gbogbo wa jẹ. Àwọn Mùsùlùmí ló ń pe Ayaba Ṣébà ní Bilikisu. Ìtàn rẹ̀ wà nínú Súrà An-Naml, níbi tí ẹyẹ kan ti mú ìròyìn rẹ̀ wá bá Ànábì Sùlèmánà, àmọ́ Kùránì ò dárúkọ rẹ̀ rárá. Àwọn àáfà tó túmọ̀ Kùránì ló sọ ọ́ ní Bilikisu. Ẹ̀yìn tí ìjọba òyìnbó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú nínú ogun Ìmàgbọ̀n ní 1892 ni ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó gbilẹ̀ níbẹ̀ dáadáa. Yàrà ti wà tipẹ́ nígbà náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1500, ọ̀gbẹ́ni Pọtogí kan, Duarte Pacheco Pereira, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlú ńlá kan wà tó ń jẹ́ "Geebuu", tí yàrà ńlá yí i ká, tí ọba rẹ̀ ń jẹ́ "Agusale". Ẹ ò gbọ́ Awùjalẹ̀ níbẹ̀? Bílíkísù ni kò sí níbẹ̀. Lójú tèmi, Sungbo ló kọ́kọ́ wà. Ìgbà tí Ìsìláàmù dé ni wọ́n fi Bilikisu lé e lórí, bí wọ́n ṣe ń fún ẹni iyì lórúkọ iyì. Bó bá jẹ́ pé orúkọ nìkan ló ń sọni di Ayaba Ṣébà, mẹ́ta ló ń gbé àdúgbò mi, ọ̀kan nínú wọn ń ta ẹ̀kọ.

Ní 1999, nígbà tí iṣẹ́ Patrick Darling, òyìnbó tó fẹsẹ̀ rìn yàrà náà wò, di ìròyìn lókè òkun, Ṣébà làwọn oníròyìn gbé síwájú. A gbà á padà lọ́wọ́ wọn bí ẹni pé ẹ̀rí tuntun ni.

A dé Òkè-Eri. Wọ́n ní àṣà ibẹ̀ ni pé obìnrin kì í wọ inú ojúbọ. Sàréè obìnrin o! Àǹtí wò mí, ó wo Bíbélì ọwọ́ rẹ̀, ó ní ká máa lọ síbi yàrà.

Ibẹ̀ ni ẹnu ti yà á. A fi ọwọ́ di gbòǹgbò mú sọ̀ kalẹ̀, oòrùn bá kúrò lórí wa lẹ́ẹ̀kan náà. Ògiri ilẹ̀ pupa dúró ṣánṣán lọ́tùn-ún lósì, ó ń dán bí ìkòkò, èéhù aláwọ̀ ewé bò ó débi pé ìka máa ń rì sínú rẹ̀ bí èèyàn bá fọwọ́ kàn án. Omi ń kán tó tó tó níbì kan tí a ò rí. Láwọn ibòmíràn, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé ṣóńṣó odi tó nǹkan bí 20 mítà, bí ilé alájà mẹ́fà. Gígùn rẹ̀ lápapọ̀ tó 160 kìlómítà, ó ju ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lọ, ọkọ́ àti agbọ̀n ni wọ́n sì fi ṣe é nínú igbó kìjikìji. Kì í ṣe iṣẹ́ opó kan ṣoṣo, bó ti wù kó lówó tó. Iṣẹ́ ìlú tó ní ọba, tó ní aṣáájú, tó lè kó èèyàn jọ lọ́dọọdún ni.

Àǹtí fọwọ́ pa ògiri yẹn títí. "Àwa náà la gbẹ́ eléyìí?" Mo ní àwa ni.

Nígbà tí à ń padà, a yà sí ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ láti ra ẹja. Ìyá tó ń ta àrọ̀ rí ẹrẹ̀ pupa lẹ́sẹ̀ wa, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti lọ kí Ayaba Ṣébà nìyẹn?"

Àǹtí ń na owó sí i. "A dé ibẹ̀, ìyá. A ò bá a nílé."