Mọ́mì, Ẹ Sún Mọ́ Àpáta Díẹ̀ Sí I

Ẹ bá mi kí àwọn ẹbí òde òní, wọ́n ti di olùfẹ́ ìtàn. Tí ọdún bá ti ń súnmọ́lé, ariwo á sọ nínú ilé: ibo la ó lọ? Ẹ má rò pé ibi tí wọ́n ń lọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń yàn o. Ánkárá ni. Dádì, Mọ́mì, àwọn ọmọ, títí kan ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbé kúlà, aṣọ kan náà ni gbogbo wọn á rán, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá jókòó jíròrò ibi tí àwọ̀ rẹ̀ yóò ti yọ dáadáa. Bí aṣọ bá fi lè jẹ́ aláwọ̀ ewé, wọ́n ti yọ Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo kúrò nínú ètò nìyẹn, kí igbó má bàa gbé wọn mì. UNESCO ti kọ orúkọ igbó náà mọ́ ogún àgbáyé láti ọdún 2005, ṣùgbọ́n kí ni UNESCO mọ̀ nípa aṣọ ẹbí?

Ká ní Òkè Olúmọ ló wọlé ìbò. Atọ́nà á la ohùn, á bẹ̀rẹ̀ láti 1830, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé kúrò nílé, tí Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn, wá fi abẹ́ àpáta ṣe ibi ìsádi. Á nawọ́ sí àwọn ihò orí òkúta tí wọ́n ti ń lọ ata àti àgbàdo. Kò tíì sọ̀rọ̀ débì kan tí Dádì fi já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀: "Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa di fóònù yìí mú." Bí atọ́nà ṣe di ayàwòrán nìyẹn. Ẹni tó há ìtàn ìlú sórí, òun ló wá ń kígbe pé, "Mọ́mì, ẹ sún mọ́ àpáta díẹ̀ sí i!"

Àbíkẹ́yìn nìkan ni ìtàn náà wọ̀ létí.

"Dádì, ta ni wọ́n ń sá fún?"

"Wo kámẹ́rà."

"Ṣé ogun yẹn ti parí?"

"Mo ní kí o rẹ́rìn-ín!"

Ní Ìdànrè ńkọ́? Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. Lókè téńté níbẹ̀ ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé, wọ́n ní ààfin níbẹ̀, wọ́n ń bímọ níbẹ̀, títí di 1923 tí wọ́n kó wá sí ìsàlẹ̀. Mọ́mì tiwa, bàtà gogoro ló wọ̀ wá. Ibi ìsinmi àkọ́kọ́ ni wọ́n tẹ́ ẹní sí, wọ́n ṣí kúlà, jọ̀lọ́ọ̀fù ń rùn jáde. Wọ́n jẹun tán, ẹnì kan dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó kọjú fóònù sókè kó lè jọ pé ṣóńṣó òkè ni wọ́n wà. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò pé: "A ti ṣẹ́gun òkè!" Òkè ò tíì gbọ́.

Ìpele méje ni ìṣàn omi Olúmirin ní ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ẹ lọ bi wọ́n ní ìpele kejì wò.

Ìkọ́gòsì ló ṣe mí láàánú jù. Omi gbígbóná pàdé omi tútù, iṣẹ́ Ọlọ́run ni, àmọ́ ìgbóná kì í hàn nínú fọ́tò. Mọ́mì á ti ẹsẹ̀ bọmi, á la ẹnu, á di ojú pọ̀ bí ẹni tó tẹ ẹ̀yinná, bẹ́ẹ̀ omi ibi tó dúró sí kò ju lílọ́wọ́ọ́wọ́ lọ. "Ẹ tún un ṣe, kò dùn yín tó!"

Èmi ò ní kẹ́ni má yàwòrán o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dé Àgbádárìgì ná. Wọ́n kọjá níwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nárì parí ní 1845. Mọ́mì ní ọ̀dà rẹ̀ ò bá gèlè òun mu. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, Dádì ń wá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí òun lè gbé kọ́rùn, kó sì gbé àtàǹpàkò sókè. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gbèrèfù, wọ́n fẹsẹ̀ rìn nínú iyanrìn, wọ́n kọjá lẹ́bàá kànga tí ìtàn ibẹ̀ sọ pé wọ́n ń bu omi rẹ̀ fún àwọn ẹrú mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Wọ́n dé ibi àlọ àìbọ̀ létí òkun. Níbi tí wọ́n ti ń ti èèyàn sínú ọkọ̀, níbẹ̀ ni ẹbí wa tò sí: "Wan, tú, tirí, ẹ fò!" Gbogbo wọn fò sókè, ẹ̀rín kún ẹnu, gèlè fò lọ lọ́tọ̀. Wọ́n tún un fò, torí Dádì ti tètè balẹ̀.

"Dádì, ṣé àwọn tó lọ yẹn padà wá?"

"Fò, jàre."

Wọn ò mu omi kànga yẹn o. Kí ọkọ̀ wọn tó dé Mile 2, wọ́n ti gbàgbé ohun gbogbo.

Àfi fọ́tò. Fóònù Mọ́mì sì ní ìdán kan: ó máa ń tún ojú èèyàn ṣe, á wá sọ gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn di kùrukùru. Ẹnubodè lọ, òkun lọ, Mọ́mì nìkan ló kù, ó ń dán. Ó gbé e sórí Facebook lálẹ́ ọjọ́ náà. Àbúrò Dádì tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló kọ́kọ́ fèsì: "Ìyàwó wa, ẹ kú ìgbádùn o! Ṣé Dúbáì lẹ lọ ni?"

Mọ́mì fi àwòrán ọkàn pupa ránṣẹ́ sí i.