Sẹ́ńsọ̀ Nọ́ọ̀kì Kò Ní Kí Ọkọ̀ Tọ́bò Àtijọ́ Má Bàjẹ́

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣì ń wa ọkọ̀ tọ́bò àtijọ́ (tọ́bò ni ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọnú ẹ́ńjìnnì) ní Adó-Èkìtì, títí kan àwọn mẹkáníìkì tó ń bá wọn tún un ṣe, ló gbà pé bí a bá ti lè yọ sẹ́ńsọ̀ nọ́ọ̀kì, ìyẹn ohun tó ń gbọ́ bí epo bá ń gbiná lódì nínú ẹ́ńjìnnì, àti kọ̀ǹpútà rẹ̀ lára ọkọ̀ tókúnbọ̀ tuntun kan, tí rewáyà sì dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ náà, ọ̀rọ̀ ti bùṣe: ọkọ̀ náà lè máa mu epo èyíkéyìí, a lè fi kún boost rẹ̀, ìyẹn ìfúnpá afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń tì, bó ṣe wù wá, písítìnì kò sì ní jó mọ́ láé. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà, owó ńlá ni ó sì máa ń ná ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé e.

Kì í ṣe pé kò ní orísun o. Ní 1978, Buick ti Amẹ́ríkà gbé ẹ́ńjìnnì V6 oní-tọ́bò jáde pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gbọ́ nọ́ọ̀kì, tó sì ń fa táímìnì sẹ́yìn, ìyẹn ni pé ó ń jẹ́ kí pílọ́ọ̀gì pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dáná. Nígbà tó di ọkọ̀ ọdún 1982, Saab ti Sweden ti fi ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní APC sára ọkọ̀ 900 Turbo, èyí tó máa ń dín afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń tì wọnú ẹ́ńjìnnì kù ní kété tó bá gbọ́ nọ́ọ̀kì. Lóòótọ́ ni ọkọ̀ yẹn lè mu epo tí octane rẹ̀ (agbára epo láti má gbiná fúnra rẹ̀) kéré láìbàjẹ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ló fi ń san gbèsè náà, nítorí pé boost rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Saab pàápàá kò kàn gbé APC lé ẹ́ńjìnnì àtijọ́ lórí. Wọ́n tún compression rẹ̀ (ìwọ̀n bí písítìnì ṣe ń fún àdàlù epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀) ṣe, láti 7.2 sí 8.5, kí wọ́n lè jẹ àǹfààní ẹ̀rọ tuntun náà. Ẹni tó fi sẹ́ńsọ̀ nìkan kún ọkọ̀ rẹ̀ kò rí èyí gbà.

Nọ́ọ̀kì tí mò ń sọ yàtọ̀ sí ti bearing tó ti jẹ nítorí àìsí ọ́ìlì. Sẹ́ńsọ̀ kankan kò lè wo ìyẹn sàn. Èyí máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí iná pílọ́ọ̀gì ti ràn, ṣùgbọ́n tí àdàlù epo àti afẹ́fẹ́ tí iná náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ gbiná fúnra rẹ̀ nítorí ooru àti ìfúnpá, tí gbogbo inú sílíńdà sì ń gbọ̀n. Nínú sílíńdà tí ó fẹ̀ ní mílímítà 90, ìgbọ̀nrìrì náà máa ń tó nǹkan bí ìgbà 6,300 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí sílíńdà bá kéré sí i, ó máa ń yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ ti máa ń wọ́. Àwọn sẹ́ńsọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe wọ́n láti gbọ́. Bí a bá yọ irú rẹ̀ kúrò lára ẹ́ńjìnnì kékeré, tí a dè é mọ́ ńlá, adití ni. Èyí tó ń gbọ́ oríṣiríṣi ìgbọ̀nrìrì sàn jù, àmọ́ òun náà fẹ́ kí irin rẹ̀ jókòó lé irin ẹ́ńjìnnì tí a ti ha ọ̀dà àti ìpẹtà rẹ̀ kúrò, láìsí wọ́ṣà kankan lábẹ́ rẹ̀. Ti iléeṣẹ́ Bosch, 20 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí bóòtù) ni wọ́n ní kí á fi dè é, kì í ṣe kí á fi gbogbo agbára apá fà á. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi wọ́ṣà méjì sí nídìí, tí wọ́n tún gbé wáyà rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wáyà pílọ́ọ̀gì kọjá, bí ẹni ń wá ariwo kún ariwo.

Ọkọ̀ tuntun kì í sì tẹ́tí ní gbogbo ìgbà. Sẹ́ńsọ̀ tó wà lára crankshaft, irin tí písítìnì ń yí, máa ń sọ ibi tí písítìnì dé fún kọ̀ǹpútà, ìwọ̀nba àkókò díẹ̀ lẹ́yìn tí písítìnì bá kan òkè ni kọ̀ǹpútà sì fi ń gbọ́, kí ariwo fáàfù tó ń padé má baà ṣì í lọ́nà. Ọkọ̀ oní-distributor àti kọ́ńtáàkì sẹ́ẹ̀tì, ètò ìdáná àtijọ́ tí kò ní kọ̀ǹpútà, kò ní irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ láti fún un. Bí ẹ́ńjìnnì náà bá ti gbó, tí tápẹ́ẹ̀tì ń dún, tí písítìnì ń gbá ògiri sílíńdà, gbogbo rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà lè kà sí nọ́ọ̀kì. Yóò máa fa táímìnì sẹ́yìn láìnídìí, ọkọ̀ á di aláìlágbára, ọ̀gá mẹkáníìkì á sì ní tọ́bò ló kú.

Ká tilẹ̀ ní ó ń gbọ́ dáadáa, kí ni yóò fọwọ́ kàn? Kọ́ńtáàkì sẹ́ẹ̀tì kò fún kọ̀ǹpútà láyè láti yí táímìnì padà, àfi bí a bá pààrọ̀ gbogbo ètò ìdáná náà. Bí ó bá sì jẹ́ táímìnì nìkan ló lè yí, iná á máa pẹ́ kí ó tó jó tán, èéfín tó ń jáde á túbọ̀ gbóná, tọ́bò ni ooru yẹn á sì bá. Ẹni tó bá ń gun òkè láti Ìtawúrè sí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè pẹ̀lú ẹrù, tí tọ́bò ń ṣiṣẹ́ láìsinmi, ń fi ojú sílẹ̀ gba ìyà. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ohun tó ń dín boost kù ló yẹ kí á kọ́kọ́ fún un, kí táímìnì ṣìkejì rẹ̀.

Ẹ̀yìn ìgbà tí nọ́ọ̀kì bá ti ṣẹlẹ̀ náà ni sẹ́ńsọ̀ tó ń gbọ́. Kò lè fi epo kún epo tí páńpù tó ti rẹ̀ kò gbé wá tó. Bí èédú tó ti dì sórí písítìnì bá sì pọ́n débi tó ń dáná kí pílọ́ọ̀gì tó dá tirẹ̀, kò sí bí a ṣe fa táímìnì sẹ́yìn tó tí yóò dá a dúró.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ fi sí i, mi ò ní ẹ má ṣe é. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ le, tí epo ń dé ibẹ̀ bó ṣe yẹ, tí wọ́n sì fún ní ètò ìdáná tuntun, yóò jẹ àǹfààní rẹ̀. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yọ pílọ́ọ̀gì, kí ẹ sì yẹ tánganran rẹ̀ wò níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bí èérún dúdú tàbí èyí tó ń dán bíi fàdákà bá wà lára rẹ̀, ara písítìnì ló ti ń ṣí. Ẹ ṣí orí ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó náwó sórí sẹ́ńsọ̀ kankan.