Ìgbà èwe wa l'Ákùúrẹ́

Akọ̀ròyìn kan kọ ọ́ pé ìgbà èwe àwa àgbà dùn ju ti ọmọ òde òní lọ. Ẹ rọra o. Ó dùn lóòótọ́. Ẹ̀yìn Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́ ni wọ́n bí mi sí, kí wọ́n tó fi ìlú wa ṣe olú ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1976. Ìyá ọ̀rẹ́ mi lè nà mí, kí n délé kí màmá mi tún fi ìgbájú lé e. Tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò. Ojú fèrèsé la ti ń wò ó, imú wa á lẹ̀ mọ́ nẹ́ẹ̀tì, a ó gbé eruku rẹ̀ sùn. Bí inú bá bí baálé ilé, ó ti fèrèsé pa nìyẹn, ó di ká máa fetí wòran.

Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ ti àrùn èéyi? Àbúrò mi méjì ló mú lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Màmá ò dárúkọ wọn mọ́ títí tó fi kú.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jáde ìwé mẹ́fà ní 1975. Orí ẹ̀ pé jù mí lọ fíìfíì (ẹ má sọ fún un pé mo sọ bẹ́ẹ̀), àmọ́ bàbá ní owó kòkó ò tó. Ó di ẹni tó ń ta ata. Èmi ni mo bọ́ sí àsìkò Gómìnà Ajásin, tí girama di ọ̀fẹ́ ní 1979. Títí dòní, bí báńkì bá kọ̀wé òyìnbó sí i, èmi ló ń gbé e fún kí n kà á, á wá jókòó máa wò mí lẹ́nu.