Ó Kìlọ̀, Ẹ̀yin Lẹ Ò Gbọ́

"Ológbò ẹ yìí mà rorò o! Kò tiẹ̀ kìlọ̀ kó tó ha mí."

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi kan sọ lánàá rèé, inú sì ń bí mi dòní. Kò kìlọ̀ kẹ̀? Ó ṣojú mi kòrókòró. Wọ́n gbé e lé itan, wọ́n ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, òun náà rọra jókòó. Nígbà tó yá, ìrù bẹ̀rẹ̀ sí í gbá àga: pà, pà, pà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀." Wọ́n ní eré ló ń ṣe. Awọ ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ̀n. Etí tó nàró tẹ́lẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí pátápátá. Ó yíjú, ó wo ọwọ́ wọn. Àbí kó kọ lẹ́tà ni? Ìgbà tí wọ́n wá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ níkùn ni èékánná yọ.

Ẹ má wulẹ̀ wá sọ fún mi pé ajá ló gbọ́n jù, mo ti gbọ́ ọ tó.

Ṣé ẹ mọ̀ pé àgbà ológbò kì í sábà ké "míáò" sí ẹgbẹ́ rẹ̀? Ọmọ ló ń ké e sí ìyá. Àwa èèyàn ni wọ́n wá ń ké e sí títí dàgbà, bóyá torí wọ́n rí i pé a ò gbọ́ èdè ìrù. Lọ́dún 2009, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Sussex kíyè sí i pé bí ebi bá ń pa àwọn ológbò kan, wọ́n máa ń po igbe tó jọ ti ọmọ ọwọ́ mọ́ kíkùn wọn, ìyẹn ohùn hùrùrù tó ń ti ọ̀fun wọn jáde. Abájọ tí tèmi fi ń jí mi láàárọ̀ láìfọwọ́ kàn mí!

Àmọ́ kí n má purọ́ fún yín. Lọ́dún tó kọjá, ó lọ lúgọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń kùn hùrùrù. Mo ní inú ẹ̀ ló dùn. Ọjọ́ kejì, ibẹ̀ náà ló wà, ó ṣì ń kùn. Dókítà ẹranko ló la ẹnu rẹ̀ tó fi eyín kan tó ti jẹrà hàn mí. Wọ́n máa ń kùn tára bá ń ro wọ́n náà. Èmi tí mo ń pe ara mi ní ògbufọ̀!

Ó wà lórí itan mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ń kùn. Mo ti la ẹnu rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ìrù ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá àga.