"Ewé ṣáà ni, kò lè ṣeni níbi": irọ́ ni fún àwọn kan

Bí àyẹ̀wò bá ti fi hàn pé cholesterol ẹnì kan ga, kíá ni wọ́n á ti ní kó máa lo kápúsù sterol ewéko, ìyẹn èròjà bí ọ̀rá tó wà nínú ewéko. Wọ́n á ní ewé ṣáà ni, kò lè ṣe é ní nǹkan kan.

Ìdajì ọ̀rọ̀ náà jóòótọ́. Gíráàmù 2 lójúmọ́ lè mú LDL, cholesterol tó ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀, wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 10 nínú 100. Sterol ewéko àti cholesterol jọra bí ìbejì, wọ́n jọ ń du ọ̀nà kan náà nínú ìfun ni.

Kí wá ni kì í jẹ́ kí sterol ewéko fúnra rẹ̀ kún inú ẹ̀jẹ̀ wa? Jíìnì méjì ni, ABCG5 àti ABCG8. Àwọn ló ń ṣe oníbodè: èyí tó bá yọ́ wọlé, wọ́n á tì í padà sínú ìfun, ẹ̀dọ̀ á sì da ìyókù sínú òróòro. Ẹni tó bá jogún àléébù ọ̀kan nínú wọn lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá, kò ní oníbodè mọ́. Sitosterolemia ni àìsàn ọ̀hún.

Lọ́dún 1974, àwọn dókítà Bhattacharyya àti Connor ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa tẹ̀gbọ́n-tàbúrò obìnrin méjì tí kókó ọ̀rá yọ sí lára iṣan tó so ẹran ara mọ́ egungun, bẹ́ẹ̀ cholesterol inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò ga. Sterol ewéko ló kún ibẹ̀. Ẹ wá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní kápúsù yẹn, ohun tó ń pa á lára lẹ tún ń bù fún un! Òróró, ẹ̀pà àti píà pàápàá, wọ́n á ní kó dín in kù. Oògùn ezetimibe ni wọ́n sábà máa ń fún un, torí ó ń dí ọ̀nà tí sterol ń gbà wọlé láti inú ìfun.

Ẹni tó jogún àléébù náà lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo ńkọ́? Kó má bẹ̀rù jù. Wọ́n ti dán an wò: LDL tirẹ̀ náà ń wálẹ̀, sterol ewéko inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kàn ń ga díẹ̀ ni.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ìdílé tí LDL gíga ti jẹ́ àjogúnbá, tí ẹ̀dọ̀ wọn kò lè gbé e kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ. LDL àgbàlagbà inú wọn sábà máa ń ju 190 mg/dL lọ. Ká ní ó jẹ́ 250, kápúsù á sọ ọ́ di 225. Statin, oògùn tó ń dín cholesterol kù, lè gé e sí ìdajì. Ẹ má torí ewé pa statin tì.

Bí òbí tàbí ọmọ ìyá yín bá ti ní àrùn ọkàn kó tó pé ẹni 50 ọdún, ẹ fọwọ́ kan iṣan tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ yín, torí ọ̀rá lè kó síbẹ̀ kó sì mú un nípọn. Bó nípọn, bí kò nípọn, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó ra ìgò kankan.