Agbẹnusọ Ààrẹ Kò Lè Kéde Ogun

Títí di òní ni mo ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn pé Nàìjíríà kéde ogun sí orílẹ̀-èdè Niger ní ọdún 2023, pé ẹnu agbẹnusọ Ààrẹ gan-an ni àwọn ti gbọ́ ọ, àti pé ẹ̀rù ló ba ìjọba tó fi yí ohùn padà. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún náà ni àwọn ológun gba ìjọba ní Niamey, olú-ìlú Niger. Nígbà tó di ọjọ́ 30, ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ṣèpàdé ní Àbújá, wọ́n sì fún àwọn ọ̀gágun náà ní gbèdéke ọjọ́ méje láti dá Ààrẹ Mohamed Bazoum padà sórí àléfà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn lè lo agbára. Nítorí pé Ààrẹ Bola Tinubu ni alága àjọ náà lásìkò yẹn, kíá ni àwọn ènìyàn sọ ọ̀rọ̀ àjọ di ọ̀rọ̀ Nàìjíríà. Ohun tó sì gbé Ajuri Ngelale, agbẹnusọ Ààrẹ nígbà náà, síwájú àwọn oníròyìn ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ nìyí: ó ṣàlàyé pé gbèdéke ECOWAS ni, kì í ṣe ti Nàìjíríà, àti pé ìjíròrò ni ọ̀nà tó dára jù. Ó fi kún un pé àwọn kò tíì pa ọ̀nà kankan tì. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí nìkan ni àwọn ènìyàn gbá mú.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe náà ti wá. Láyé àtijọ́, bí ìlàrí Aláàfin bá wọ ìlú kan, ohùn ọba ni wọ́n ka ohùn rẹ̀ sí, kò sì sí ẹni tó jẹ́ fojú di í. Ṣùgbọ́n Aláàfin pàápàá ní Ọ̀yọ́ Mèsì tí kò lè fò dá. Iṣẹ́ agbẹnusọ òde òní jọ ti ẹni tí a rán níṣẹ́ ẹrú tó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ó fẹ́ kí ẹ̀rù ba àwọn ọ̀gágun Niamey, kò sì fẹ́ kí ó ba ará Sókótó tó ń bá wọn pín ààlà, nítorí náà gbólóhùn kan náà ló gbọ́dọ̀ bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀.

Abala 5 ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé Ààrẹ kò gbọdọ̀ kéde ogun àyàfi bí ilé aṣòfin méjèèjì bá jókòó pọ̀ tí wọ́n sì fọwọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ kó ọmọ ogun lọ jà lẹ́yìn odi láìkọ́kọ́ gba àṣẹ Ilé Aṣòfin Àgbà. Bí ewu bá ti dé etílé, ó lè fọ̀rọ̀ lọ Ìgbìmọ̀ Ààbò Orílẹ̀-èdè kó sì rán díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ méje ló gbọ́dọ̀ wá àṣẹ, kí àwọn aṣòfin àgbà sì fèsì láàárín ọjọ́ 14. Kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ agbẹnusọ níbẹ̀. Ní ti Niger, ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ni wọ́n ka lẹ́tà Ààrẹ ní Ilé Aṣòfin Àgbà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọn kò fọwọ́ sí ìjà, ìjíròrò ni wọ́n ní kó tẹ̀ lé. Ẹ wo ọjọ́ rẹ̀ dáadáa: ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọ̀rọ̀ Ngelale ni. Kódà nígbà tí kọmíṣọ́nnà ECOWAS, Abdel-Fatau Musah, sọ ní Accra ní ọjọ́ 18 pé àwọn ti dá ọjọ́ tí àwọn yóò wọlé, ọmọ ogun kankan kò wọ Niger. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2024, àjọ náà fúnra rẹ̀ ló mú ọ̀pọ̀ ìjìyà tó fi jẹ wọ́n kúrò.

Ẹ wá fi èyí wé ti orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn ológun kan ti gbìyànjú láti gbàjọba ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 2025. Ìjọba Ààrẹ Patrice Talon bẹ Nàìjíríà, bàálù ogun wa sì gbéra lọ sí Cotonou lọ́jọ́ náà gan-an. Ọjọ́ 9 ni Ilé Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí i. Ìgbà tí atẹ̀jáde Bayo Onanuga, olùrànlọ́wọ́ Ààrẹ, fi dé etí wa, àwọn bàálù náà ti ṣiṣẹ́ wọn.