Oyin Nìkan Kọ́ Ló Ń Sọ Òdòdó Di Èso

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp: wọ́n ní Einstein sọ pé bí oyin bá parẹ́, ọdún 4 péré ló kù fún ọmọ aráyé. Kò sí ẹni tó rí ibi tí bàbá náà ti sọ bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà nídìí ọ̀rọ̀ ọ̀hún gan-an ni mo fẹ́ bá wí, pé oyin inú afárá ló ń bá gbogbo òdòdó ṣiṣẹ́.

Ẹ wo tòmátì. Òdòdó rẹ̀ kò ní omi dídùn tí oyin lè fà mu. Lẹ́búlẹ́bú tó ń sọ ọ́ di èso wà nínú òpó tóóró. Kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde àfi tí nǹkan bá gbọ̀n ọ́n. Oyin inú afárá kò mọ iṣẹ́ yẹn rárá. Bumblebee ló mọ̀ ọ́n, oyin sísanra onírun tó wọ́pọ̀ ní Yúróòpù. Yóò deyín mọ́ òdòdó, ìyẹ́ rẹ̀ kò ní fẹ̀, ṣùgbọ́n iṣan tó fi ń fò yóò máa gbọ̀n rìrì. Kíá ni lẹ́búlẹ́bú ti dà sára irun ikùn rẹ̀.

Ní gbangba oko, afẹ́fẹ́ a máa ṣe díẹ̀ níbẹ̀. Inú ilé gíláàsì tí wọ́n ń gbin tòmátì sí, níbi tí afẹ́fẹ́ kì í ti fẹ́, ńkọ́? Ní Nẹ́dálándì àti Bẹ́ljíọ̀m nígbà kan rí, òṣìṣẹ́ ló ń mú irin oníná tó ń gbọ̀n kiri láàárín ebè, tó ń fi kan òdòdó níkọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe oyin ló wọ́n níbẹ̀ o! Roland de Jonghe, dókítà ẹran ará Bẹ́ljíọ̀m, ló rí i pé bumblebee lè gba iṣẹ́ náà ṣe. Ó dá ilé-iṣẹ́ Biobest sílẹ̀ ní 1987 láti máa sìn ín tà, irin oníná sì di ohun àpatì.

New Zealand ti rí irú rẹ̀ ṣáájú. Oyin ti débẹ̀ láti 1839, síbẹ̀ clover pupa, ewéko tí wọ́n ń gbìn fún ẹran jẹ, kò so irúgbìn tó nǹkan. Òdòdó rẹ̀ jìn, ahọ́n oyin kúrú. Ìgbà tí bumblebee gúnlẹ̀ láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1885 ni nǹkan yí padà.

Kò sí bumblebee nílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n oyin dúdú ńlá tó ń lu igi àjà, èyí tí a máa ń fi ìgbálẹ̀ lé, mọ bí a ti ń gbọn òdòdó bákan náà. Igi gbígbẹ ló ń gbẹ́ ṣe ilé. Àgbẹ̀ tó bá sun gbogbo kùkùté etí oko rẹ̀, tó wá ra àpótí oyin nítorí tòmátì, oyin lílá ni yóò rí níbẹ̀ jù.